Áyọ́ọ̀nù Mẹ́jọ Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Gbogbo àdúgbò ló mọ Aṣọdán. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló fún un, nítorí pé bí aṣọ bá ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín á kọ́kọ́ yẹ ọrùn rẹ̀ wò kó tó gbà pé tòun ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń ṣe alágbàfọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì gígùn tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, okùn tí aṣọ ń fì dìrọ̀dìrọ̀ lórí rẹ̀, ike omi tó lu ìdérí rẹ̀ láti máa fi wọ́n aṣọ, àti òórùn aṣọ gbígbóná tí kì í kúrò lára ògiri. Nígbà tí ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi pé bó bá tẹ̀ba lórí tábìlì kò ní lè nàró bọ̀rọ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn.

Ó yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù o, ṣùgbọ́n kò yọ̀ǹda áyọ́ọ̀nù. Gbogbo áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló kó wá sílé: èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yọ, èyí tí eku jẹ wáyà rẹ̀, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti yọ́. Ó tò wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn títí wọ́n fi kan fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti bínú títí, ó wá fi ṣe ẹ̀rín.

"Bí olè bá wọ ilé yìí," ni Màmá máa ń wí, "àánú wa ni yóò ṣe é, yóò fi ọ̀kan kún un."

Iṣẹ́ ti tán, ọwọ́ Aṣọdán ò sì lè dúró lójú kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Àwọn adìyẹ náà ń yé dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ sàba. Wọn á yé ẹyin tán, wọn á ké gbogbo ayé létí, wọn á sì bá tiwọn lọ. Aṣọdán ní tí àwọn ìyá ò bá fẹ́ jókòó lé ọmọ, òun á wá ohun tó máa jókòó lé e. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ó dá a dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lu ihò atẹ́gùn sí i lára, ó to pákó pẹlẹbẹ mélòó kan sínú rẹ̀, ó kó ẹyin lé e, ó sì fi gílóòbù àtijọ́ kan tó ń gbóná sí ìsàlẹ̀. Ooru gílóòbù náà kò tó. Ẹyin ò pa. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, gílóòbù jó, nígbà tó sì dé ọjà, irú tó ń tàn yòò tí kì í gbóná ni gbogbo wọn ń tà.

Ìgbà náà ló rántí àwọn áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó pààrọ̀ ẹyin, ó mú ọ̀kan tó ṣì ń mú iná, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí táìlì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í mọ́ iná, ó tilẹ̀kùn, ó lọ fún adìyẹ lóúnjẹ. Nígbà tó fi máa padà dé, òórùn pákó tó ń fẹ́ jóná ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sáré já wáyà. Màmá fi ìdí aṣọ mú ẹyin kan, ó là á lára ògiri, ó bó o. Ó funfun báláú, ó le koránkorán.

Màmá wo ẹyin, ó wo ọkọ rẹ̀. "Olówó orí mi, ẹ ṣeun. Ẹ kúkú ti bá wa sè é. Iyọ̀ ló kù."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn wọn. Àwọn méjèèjì yí ojú padà pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, nítorí ìyàwó ọmọ wọn ló ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ nínú ilé. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ló ń wá sílé. Ìyàwó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama tó wà lókè àdúgbò. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á kí wọn, á ṣe iṣẹ́ ilé tó bá yẹ kó ṣe, á sì wọ yàrá lọ. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," "Rárá, sà," kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ó ń gbéra ga ni. Aṣọdán ní ojú ló ń tì í. Wọn ò tíì yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ìyàwó bo ẹnu. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ má bínú, mà."

"Bínú kẹ̀?" ni Aṣọdán wí. "Jẹ́ ká jọ jẹ ẹyin. Ìwọ rèé o, tí o mọ̀wé. Kí ni mo ṣe tí kò dára?"

Ìyàwó sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ ohun tó gùn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá a sọ rí: gílóòbù yẹn, wáàtì mélòó ni? Nígbà tó wà níbẹ̀, báwo ni inú kọ́bọ́ọ̀dù ṣe gbóná tó? Ìta ńkọ́?

Aṣọdán ní ọgọ́ta wáàtì ni gílóòbù náà. Tẹmọ́mítà òun kà á ní dígíríì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níta, ó kà á ní méjìlélọ́gbọ̀n nínú.

"Ọgọ́ta wáàtì fi dígíríì mẹ́fà gbé e sókè nìyẹn," ni ìyàwó wí. "Méjìdínlógójì ni ẹyin ń fẹ́. Ìyẹn ni pé méjìlá la fẹ́ fi gbé e."

"Ìlọ́po méjì," ni Aṣọdán wí. "Ọgọ́fà wáàtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ ká wá wo iye tí áyọ́ọ̀nù yín ń fún wa."

Ó wọ yàrá, ó gbé mítà kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná máa ń lò, pẹ̀lú wáyà pupa àti dúdú. Màmá ti rí i nínú ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ tó kó wọlé, ó sì ti bi ara rẹ̀ pé irú ìyàwó wo ló ń gbé ẹ̀rọ wá sílé ọkọ. Ìyàwó fi ẹnu wáyà méjèèjì kan iná ara ògiri, mítà kà á: igba ó lé ogún. Ó já áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná, ó gé ẹsẹ̀ wáyà rẹ̀ kan, ó fi mítà sáàárín ojú ibi tó gé, kó tó wá dá iná padà. Mítà kà á: mẹ́rin pọ́ìntì mẹ́rin.

"Èyí àkọ́kọ́, fóltì ni. Ipá tó ń ti iná kọjá nìyẹn. Èkejì ni kọ́réǹtì, iye iná tó ń ṣàn kọjá nínú wáyà, ámpù la fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá fi ámpù pín fóltì, ẹ máa rí bí wáyà inú áyọ́ọ̀nù ṣe ń dènà iná tó, tí kò fẹ́ kó kọjá."

"Agídí wáyà nìyẹn," ni Aṣọdán wí.

Ìyàwó rò ó wò. "Agídí gan-an ni, sà. Óòmù la fi ń wọ̀n ọ́n."

"Ẹ má fi mí ṣàpẹẹrẹ o," ni Màmá wí láti ilé ìdáná.

Aṣọdán mú ṣọ́ọ̀kì, irú èyí tó máa ń fi sàmì sí ibi tí àbàwọ́n wà lára aṣọ, ó tẹ̀ba síwájú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń pín. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe. Àádọ́ta ló rí.

"Àádọ́ta óòmù," ni ìyàwó wí. "Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ wáàtì, fóltì lọ́nà ámpù ni."

Èyí kò pẹ́ ẹ. Ẹgbẹ̀rún ó dín méjìlélọ́gbọ̀n. Aṣọdán wo ohun tó kọ, ó wo ẹyin tí Màmá bó sínú àwo. Ọgọ́fà ló ń wá, bí ẹgbẹ̀rún ló gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ó ti yé mi," ó wí. "Ooru ti pọ̀ jù. Ká tú u, ká gé lára wáyà inú rẹ̀ kúrò, ká fi díẹ̀ sílẹ̀."

Ìyàwó mi orí. "Bí ẹ bá gé e, agídí rẹ̀ á dín kù. Bí agídí bá sì dín kù, iná tó máa ráyè kọjá á pọ̀ sí i. Pupa ni wáyà yẹn máa pọ́n. Ẹ̀yin ẹ fi mẹ́rin pín fóltì wò, dípò àádọ́ta."

Ó fi pín in, ó rí i bí iye ámpù ṣe fò sókè, ó sì yára pa á rẹ́ bí ẹni pé ilé lè jóná látàrí ohun tó kọ.

"Àṣé agídí la ń wá," ó wí.

"Agídí púpọ̀, sà. Tí a bá so áyọ́ọ̀nù kan mọ́ òmíràn lẹ́sẹẹsẹ, kí iná wọ inú àkọ́kọ́, kó jáde bọ́ sínú èkejì, agídí gbogbo wọn ló máa parapọ̀. Bàbá, áyọ́ọ̀nù mélòó lẹ ní?"

Màmá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Aṣọdán kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó kàn gún èjìká, ó sì dá ìyàwó lóhùn bí ọba tí wọ́n béèrè ìṣúra rẹ̀ pé, "Tẹ̀ lé mi."

Ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń wọn agídí áyọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti kú pátápátá, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó bá ṣì ń mú àádọ́ta tàbí tó súnmọ́ ọn, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Aṣọdán ń sọ ìtàn olúkúlùkù wọn bó ti ń gbé e: èyí ló lọ aṣọ adájọ́, èyí ló jábọ́ lé òun lẹ́sẹ̀, èyí ni Màmá fẹ́ sọ nù tí òun gbé sábẹ́ ibùsùn. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà sọ ti ara rẹ̀. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, òun tú rédíò ilé àwọn òun láti wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, látìgbà náà sì ni òun ti fẹ́ràn iná.

Wọ́n ṣe ìṣirò náà lára ilẹ̀kùn. Áyọ́ọ̀nù mẹ́jọ, irinwó óòmù. Wọ́n fi irinwó pín igba ó lé ogún: ámpù kan kò pé, ó lé díẹ̀ ní ìdajì, pọ́ìntì márùn-ún márùn-ún. Wọ́n fi fóltì sọ ọ́ di púpọ̀: ọgọ́fà wáàtì ó lé ẹyọ kan. Aṣọdán ní kí ẹyọ kan yẹn jẹ́ ti adìyẹ.

Wọ́n to áyọ́ọ̀nù mẹ́jọ náà sórí táìlì káàkiri inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n so wọ́n pọ̀, ìyàwó fi rọ́bà dúdú wé gbogbo ojú wáyà, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láì kọ́kọ́ yọ ọ́ lára iná. Áyọ́ọ̀nù tó ń jó aṣọ tẹ́lẹ̀ wá ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tó sùn. Tẹmọ́mítà gòkè, ó gòkè, ó dúró lórí méjìdínlógójì. Wọ́n gbé abọ́ omi sí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má bàa gbẹ, wọ́n sì kó ẹyin tuntun wọlé. Aṣọdán ló ń yí ẹyin láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ohun gbogbo ń lọ dáadáa títí tí àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń fi iná jó irin mọ́ra, fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun sí òpin òpópónà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ wọn fa iná débi pé iná ilé Aṣọdán pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó yọjú wo tẹmọ́mítà: mẹ́rìndínlógójì. Ìyàwó wà nílé ẹ̀kọ́, ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, ó sì ti pa fóònù rẹ̀.

Aṣọdán mú mítà, ó ṣe bí ó ti rí i tí ìyàwó ń ṣe. Igba péré ni fóltì. Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Irinwó pín igba, ìdajì ámpù. Ìdajì lọ́nà igba, ọgọ́rùn-ún wáàtì. Dígíríì mẹ́wàá péré ni ìyẹn lè fi gbé e sókè, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógójì. Ó wo tẹmọ́mítà, ó wo ohun tó kọ. Ọ̀kan náà ni. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó, inú rẹ̀ dùn sí i.

Ó yọ iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú áyọ́ọ̀nù kan kúrò nínú ìlà. Màmá ká a mọ́ ọn.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Òtútù ti mú ẹyin. Mo fẹ́ fi ooru kún un."

"Ẹ fẹ́ fi ooru kún un, ẹ wá ń yọ áyọ́ọ̀nù?"

"Mo ń yọ agídí ni."

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọkọ rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyàwó dé."

"Kí ìyàwó tó dé, wọ́n á ti tutù. Wá jókòó tì mí, kí n ṣe é lójú rẹ."

Màmá jókòó. Aṣọdán kọ ọ́ fún un. Tí ó bá yọ méjì, mẹ́fà á kù, ọ̀ọ́dúnrún óòmù, wáàtì á sún mọ́ mẹ́tàléláàádóje, inú rẹ̀ á ju mọ́kàndínlógójì lọ, ìyẹn á gbóná jù fún ẹyin. Tí ó bá yọ ẹyọ kan, méje á kù, ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta. Ó pín in, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Pọ́ìntì márùn-ún méje. Lọ́nà igba, mẹ́rìnléláàádọ́fà wáàtì. Ooru inú rẹ̀ á lé díẹ̀ ní mẹ́tàdínlógójì.

"Ẹyọ kan," ni Màmá wí. Ó ti tẹ́jú mọ́ ìṣirò náà láìmọ̀. "Ẹ yọ ẹyọ kan."

Ó yọ ọ́. Tẹmọ́mítà rìn díẹ̀díẹ̀ gòkè, ó kọjá mẹ́tàdínlógójì, ó dúró. Ṣùgbọ́n bí wẹ́dà bá ṣíwọ́, fóltì á padà, ooru á pọ̀ jù. Kó má bàa máa so, kó máa tú, Aṣọdán dá áyọ́ọ̀nù kẹjọ padà sí ìlà, ó fi wáyà la ọ̀nà àbùjá kan fún iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi súìṣì sójú ọ̀nà náà. Tó bá tan súìṣì, iná á gba àbùjá, á fo áyọ́ọ̀nù kẹjọ. Tó bá pa á, iná á gba inú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Nígbà tí ìyàwó dé nírọ̀lẹ́, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú báàgì léjìká, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Aṣọdán, ó sàmì ńlá sí ìparí rẹ̀ bí tíṣà ṣe ń sàmì fún ẹni tó gbà á. Ọkùnrin tó ti ń lọ aṣọ fún gbogbo ìlú kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá bá ọkọ rẹ̀ nínú yàrá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ nígbà tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ mọ ohun tó wí? Ó ní, 'Bàbá mi dá a ṣe.' Kò sọ pé 'bàbá rẹ' o. Ó ní 'bàbá mi.'"

Aṣọdán kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹyin pa. Màmá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ohun kan sọ "ṣíọ̀-ṣíọ̀" nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn. Ó pè wọ́n jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ ọwọ́. Aṣọdán yọ iná, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ẹyin kan ti ní ihò, ẹnu kékeré kan ń yọ níbẹ̀. Òmíràn mì, ó là sí méjì, òròmọdìyẹ kan tó tutù rinrin ṣubú jáde, ó gbìyànjú láti dìde, ó tún ṣubú. Kó tó di ọ̀sán, pákó ti kún fún wọn. Àwọn mélòó kan ò pa, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ló pa. Bí ìyẹ́ wọn bá ṣe ń gbẹ, wọ́n á fẹ́ bí òwú, wọ́n á rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù, wọ́n á gbé àyà lé e, wọ́n á sùn.

Ìyàwó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń fi fóònù ya gbogbo wọn fún ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òròmọdìyẹ ò dúró lójú kan, kò sì sí àwòrán tó hàn dáadáa. Aṣọdán ní kó gbé fóònù fún òun. Tirẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtàǹpàkò rẹ̀ ló yà.

Àwọn ará àdúgbò wá wò wọ́n. Àwọn wẹ́dà náà wá, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí iṣẹ́ wọn fẹ́ ṣe fún ẹyin, wọ́n sì bá Aṣọdán jó irin kan tó máa gba kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀ kó má bàa mì mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kún àgbàlá. Aṣọdán wọ ẹ̀wù funfun kan tí kò hunjọ níbì kankan, ó di ṣọ́ọ̀kì mú, ó sì ṣàlàyé fún wọn láti orí fóltì dé orí wáàtì. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń yọ áyọ́ọ̀nù kí ooru lè pọ̀, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní òun ò gbà.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òròmọdìyẹ méjì ń sùn nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu, ó ti gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi náà ò gbà tẹ́lẹ̀," ó wí fún ọmọ náà. "Súnmọ́ ibí, jẹ́ n fi hàn ọ́."